Àlọ́ Wo Ni Kí N Tún Sọ? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Fi Ìtàn Àtijọ́ Kọ Tuntun

Ẹni tó bá fẹ́ tún àlọ́ àtijọ́ sọ lọ́nà tuntun, yálà fún iṣẹ́ kíláàsì ni o, fún ìdíje ni o, tàbí fún ìwé tó fẹ́ tẹ̀ jáde, orí yíyàn ló ti máa ń dúró pẹ́ jù. Ìtàn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òǹkọ̀wé tuntun ni mo kó jọ síbí. Ti ilẹ̀ Yúróòpù ni mo sọ jù, nítorí òun ni wọ́n ń béèrè jù, mo sì mẹ́nu ba tiwa níbi tó ti kàn wá.

Àwọn ìtàn wo gan-an là ń sọ?

Àwọn tí Charles Perrault tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1697, irú bíi Cinderella, ọmọbìnrin onífìlà pupa àti Onírùngbọ̀n Aró. Àwọn tí Jacob Grimm àti àbúrò rẹ̀ Wilhelm kó jọ ní Jámánì, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1812. Àti ti Hans Christian Andersen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tirẹ̀ jáde ní 1835. Ti Andersen yàtọ̀ díẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló ro èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn Grimm gbọ́ púpọ̀ nínú tiwọn lẹ́nu èèyàn, wọ́n sì ń tún un ṣe títí di ẹ̀dà keje ní 1857.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó yẹ kí n yàn?

Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jà ràn-ìn lọ́kàn yín ni kí ẹ yàn. Kò sí àlọ́ tó dáa tí apàlọ́ kò ti fo ibì kan kọjá láìṣàlàyé. Ibi tó fò yẹn ni ẹ óò gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wo Rumpelstiltskin. Ọkùnrin kan tó ń lọ ọkà fún ará ìlú purọ́ níwájú ọba pé ọmọbìnrin òun lè ran koríko gbígbẹ di wúrà. Ọba ti ọmọ náà mọ́ yàrá, ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí koríko ò tíì di wúrà, ikú ni. Òru mẹ́ta ló fi tì í mọ́lé; ní òru kẹta ló wá ṣèlérí pé òun ó fi í ṣaya. Ìtàn ò sọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin yìí lẹ́yìn ìgbéyàwó, nígbà tó bá sùn ti ẹni tó ti fẹ́ pa á. Bàbá tó purọ́, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kúkurú tó ràn án lọ́wọ́, tó ti gba ìlérí àkọ́bí rẹ̀, ní òun ò fẹ́ ọrọ̀ ayaba, pé ohun tó ní ẹ̀mí wu òun ju gbogbo dúkìá ayé lọ. Kí ló fẹ́ fi ọmọ jòjòló ṣe? Ta ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí? Ẹni tí ìbéèrè yìí bá mú ti rí ìtàn kọ.

Tàbí Hansel àti Gretel. Bàbá wọn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú wọn lọ sínú igbó lẹ́ẹ̀mejì, ó fi wọ́n síbẹ̀ nítorí ebi. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìtàn ò sọ ohun tó pa á. Àwọn ọmọ dì mọ́ bàbá, wọ́n da òkúta iyebíye sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó parí. Èmi ò lè ka ibẹ̀ kí n má dúró. Báwo ni Gretel ṣe ń sùn nínú ilé yẹn lẹ́yìn náà? Bí bàbá bá ní kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ ṣẹ́gi, ṣé á tẹ̀ lé e?

Ẹ ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ kọ ìbéèrè tó bá sọ sí yín lọ́kàn sílẹ̀. Bí kò bá sí ìbéèrè kankan, ẹ fi ìtàn náà sílẹ̀, bó ti wù kó lókìkí tó.

Ṣé èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí n mú, àbí èyí tí wọn ò mọ̀?

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ mú èyí tí wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá kàn dárúkọ bàtà kan tó já sórí àtẹ̀gùn, òǹkàwé ti mọ ibi tí ẹ wà, ẹ lè wá lo gbogbo ojú ìwé yòókù fún ohun tuntun tí ẹ ní. Ìtàn tí wọn ò mọ̀, ẹ ní láti sọ ọ́ délẹ̀ kí ẹ tó lè yí i padà, iṣẹ́ méjì sì ni.

Fún ẹni tó ti ṣe é rí, mo máa ń tọ́ka sí ìtàn ọmọ ọba tí ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ gba ipò mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ilé ọkọ. Wọ́n bẹ́ orí ẹṣin rẹ̀, Falada, wọ́n kàn án mọ́ ẹnu ibodè, orí ẹṣin náà sì ń bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀ bó bá ń da ẹran ọ̀sìn kọjá. Inú ìwé Grimm ló wà. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn òǹkọ̀wé wa kì í sábà mú un, torí ọ̀rọ̀ ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ tó jìnnà, tí kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Fíìmù ni mo fi mọ ìtàn náà. Ṣé ó tó?

Kò tó. Nínú ìtàn ọmọ ọba tó di ọ̀pọ̀lọ́, bó ṣe wà nínú ìwé Grimm, ọmọbìnrin ọba kò fẹnu ko ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́nu. Ó fìbínú gbé e lu ògiri ni, ibẹ̀ ló ti di ènìyàn. Nínú ìtàn tí Andersen tẹ̀ jáde ní 1837, àjẹ́ inú òkun gé ahọ́n ọmọbìnrin onírù ẹja, gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá sì gbé lórí ilẹ̀ dà bí ẹni ń tẹ ojú ọ̀bẹ. Ọmọ ọba tó torí rẹ̀ jìyà fẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé irun orí wọn fún àjẹ́ láti fi gba ọ̀bẹ kan wá, pé bó bá fi gún ọmọ ọba lọ́kàn, á padà di ọmọ inú omi. Ó wò ó níbi tó ti sùn, ó ju ọ̀bẹ sókun. Ẹni tó bá wo fíìmù Disney ti 1989 nìkan, kò ní mọ̀ pé ọ̀bẹ yẹn wà, bẹ́ẹ̀ orí ọ̀bẹ yẹn ni gbogbo ìtàn dúró lé.

Ìtàn kan ṣoṣo, ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀. Èwo ni kí n dì mú?

Ẹ ka tó méjì mẹ́ta kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan. Cinderella ló fi èyí hàn jù. Bàtà onígíláàsì, elégédé tó di ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, iwin tó ṣe alágbàtọ́ rẹ̀: ọ̀dọ̀ Perrault ni gbogbo wọn ti wá, níbẹ̀ ọmọ náà sì dárí ji àwọn ọmọ ìyàwó bàbá rẹ̀. Nínú Grimm, kò sí elégédé. Igi tó hù lórí sàréè ìyá rẹ̀ ló ti ń rí aṣọ gbà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyàwó bàbá gé ọmọ-ìka ẹsẹ̀, èkejì gé gìgísẹ̀, kí bàtà lè wọlé. Ẹyẹ ló tú àṣírí pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú bàtà.

Ti Giambattista Basile ló le jù. Èdè Naples ló fi kọ ọ́, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín 1634 sí 1636. Ọmọbìnrin tirẹ̀, Zezolla, fi ìdérí àpótí já lu ọrùn ìyàwó bàbá rẹ̀, ó pa á, nítorí pé obìnrin tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́ ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn ló wá fẹ́ bàbá rẹ̀, tó sì kó ọmọbìnrin mẹ́fà tó ti fi pamọ́ jáde. Ní Ṣáínà, láti ọ̀rúndún kẹsàn-án, Duan Chengshi ti kọ ìtàn Ye Xian sílẹ̀. Ẹja ni alábàárò ọmọ náà. Ìyàwó bàbá pa ẹja, ó sè é jẹ, ọmọ náà sì tọ́jú egungun rẹ̀. Ohun tó bá tọrọ lọ́wọ́ egungun yẹn ló ń rí gbà.

Ọmọ tó dárí jì, ọmọ tí igi orí sàréè ìyá rẹ̀ ń tọ́jú, ọmọ tó pànìyàn: ìtàn ọ̀tọ̀tọ̀ ni wọ́n. Fún òǹkọ̀wé tó ń kọ fún àgbàlagbà, Zezolla ni mo máa ń dìbò fún, nítorí ẹ̀bi ti wọlé kí ijó tó bẹ̀rẹ̀.

Èwo ló bá èdè Yorùbá lára mu jù?

Èyí tí orin tàbí ohùn ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Àlọ́ apagbè la bá nílé. Bí wọ́n bá pa á fún ọmọdé láìsí orin, á ní kò tíì parí. Dígí tí ayaba ń bi léèrè nínú Snow White, ìtàn Grimm, ń fi ewì dáhùn. Nínú ìtàn igi júnípà, ọmọ tí wọ́n pa di ẹyẹ, ó ń kọrin ikú ara rẹ̀ káàkiri ìlú, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń fún un ní ẹ̀bùn kó lè tún un kọ.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Egungun Tó Ń Kọrin. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń ba ilẹ̀ ọba jẹ́. Ẹni tó bá pa á ni ọba máa fọmọ fún. Àbúrò, tí kò mọ ẹ̀tàn, ló pa á. Ẹ̀gbọ́n fún un lọ́tí mu, ó dá a dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, ó wá ti ẹ̀yìn lù ú pa lórí afárá, ó sin ín sábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹlẹ́dẹ̀ lọ sáàfin, wọ́n fún un níyàwó. Ọdún gorí ọdún. Darandaran kan ń kọjá lọ́jọ́ kan, ó rí egungun kékeré tó funfun nínú iyanrìn lábẹ́ afárá, ó gbẹ́ ẹ fi ṣe ẹnu ìwo rẹ̀. Bó ṣe gbé ìwo sẹ́nu báyìí, egungun bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fúnra rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí bí a bá fi lílé àti ègbè sí i:

Lílé: Darandaran tó ń fọn ìwo,
Ègbè: Egungun mi lò ń fọn.
Lílé: Ẹ̀gbọ́n mi pa mí lórí afárá,
Ègbè: Egungun mi lò ń fọn.
Lílé: Torí ẹlẹ́dẹ̀ igbó, torí ọmọ ọba,
Ègbè: Egungun mi lò ń fọn.

Nínú ìwé Grimm, egungun kọ ọ́ fún darandaran, ó tún kọ ọ́ níwájú ọba, wọ́n wú abẹ́ afárá, òótọ́ sì jáde. Nínú tiyín, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ níbi púpọ̀ sí i: lọ́jà, níwájú ìyá àwọn méjèèjì, níwájú ìyàwó tí kò mọ ẹni tó fẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí orin bá padà, ẹ fi ohun kan kún lílé, kí ègbè dúró bó ṣe wà. Òǹkàwé á ti máa gbe orin kó tó yé e pé ẹ̀rí ìpànìyàn lòun ń jẹ́.

Ṣé dandan ni kí n gbé ìtàn náà wá sí ilẹ̀ Yorùbá?

Kò pọn dandan. Ẹ lè fi í sílẹ̀ ní Jámánì, nínú igbó tirẹ̀ àti yìnyín tirẹ̀, kí ẹ sì fi Yorùbá tó jíire kọ ọ́. Èyí tí mi ò fẹ́ ni àgbélọ-àgbébọ̀: kí ẹ yí orúkọ Hansel sí Àyìndé, kí ẹ fi àkàrà rọ́pò búrẹ́dì, kí gbogbo nǹkan yòókù sì wà bó ṣe wà. Bí ẹ bá máa gbé e wá, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tuntun náà yí ìtàn padà.

Ìyàwó bàbá ni ibi tó le jù. Nínú ìtàn Yúróòpù, ìyá ti máa ń kú kí ó tó wọlé. Nínú agbo ilé tiwa, ìyá lè wà láàyè ní yàrá kejì, kí ìyáálé àti ìyàwó máa dáná lẹ́yìnkùlé kan náà, kí ọmọ sì máa pe àwọn méjèèjì ní ìyá. Bí ẹ bá kàn fi orogún ìyá rọ́pò ìyàwó bàbá, ìtàn á dàrú, torí ìyá ọmọ náà á béèrè ìdí tí ọmọ òun fi ń sùn nínú eérú. Ẹ ní láti pinnu: ṣé ìyá ti kú ni, ṣé ó kó jáde ni, àbí ó wà níbẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀? Èyí tó kẹ́yìn yẹn lè di ìwé odindi. Àwọn Grimm gan-an yí ibí yìí padà. Nínú ẹ̀dà 1812, ìyá tó bí Snow White lọ́mọ ló ní kí wọ́n pa á. Ìyá tó bí Hansel àti Gretel ló ní kí wọ́n lọ fi wọ́n sígbó. Àwọn ẹ̀dà tó wá lẹ́yìn ló sọ wọ́n di ìyàwó bàbá.

Ẹwà náà ní láti yí. Ìyá Snow White tọrọ ọmọ tó funfun bíi yìnyín, tó pupa bí ẹ̀jẹ̀, tó dúdú bí igi fèrèsé. Ní ilé tí wọ́n ti ń ki ọmọ ní adúmáadán àti apọ́nbéporé, irú àdúrà wo ni obìnrin yẹn á gbà? Ẹ ronú sí i kí ẹ tó kọ ìlà àkọ́kọ́.

Ìkookò inú ìtàn ọmọbìnrin onífìlà pupa ńkọ́? Ọmọ Yorùbá tó bá pàdé àgbàlagbà lọ́nà á kí i, ìkookò tó gbọ́n á sì lo ìkíni yẹn:

"Ẹ kú àárọ̀, sà."
"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́? Màmá àgbà ńkọ́, ṣé ara wọn ti ń yá?"

Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju eyín rẹ̀ lọ.

Ìwà ìkà inú àwọn ìtàn yìí pọ̀. Ṣé kí n yọ ọ́?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ fún. Fún ọmọ kékeré, ẹ lè fi Perrault sílẹ̀ níbi tí ìkookò ti gbé ọmọ náà mì tí ó sì parí síbẹ̀, kí ẹ mú ti Grimm, níbi tí ọdẹ ti wá la inú ìkookò. Àwọn Grimm náà gé, wọ́n lẹ̀. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, Rapunzel, ọmọbìnrin tí àjẹ́ tì mọ́ ilé gogoro, tó ń fi irun orí rẹ̀ fa èèyàn sókè, béèrè ìdí tí aṣọ òun fi ń fún òun, a sì mọ̀ pé ó ti lóyún. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ ìyẹn, wọ́n ní ó béèrè ìdí tí obìnrin àjẹ́ fi wúwo ju ọmọ ọba lọ láti fà sókè. Tèmi ni pé ẹ lè dín ẹ̀jẹ̀ kù, ẹ má yọ ewu. Ọmọdé mọ̀ bí ẹ bá ń tàn án.

Ṣé òfin gbà mí láyè?

Fún àwọn ìtàn náà fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2022, ń dáàbò bo ìwé fún ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé bá kú. Wilhelm Grimm kú ní 1859, Jacob ní 1863, Andersen ní 1875. Ti Perrault ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ ti ní láti ṣọ́ra ni ohun tí àwọn ará ìsinsìnyí fi kún un. Àwọn aràrá méje inú Snow White ti Grimm kò ní orúkọ. Orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ wọ́n mọ́, fíìmù Disney ti 1937 ló sọ wọ́n. Ọmọbìnrin onírù ẹja ti Andersen kò lórúkọ pẹ̀lú. Disney ló pè é ní Ariel. Bí ẹ bá sì lo ìtumọ̀ tí ẹnì kan ṣe láìpẹ́, ọ̀rọ̀ onítumọ̀ náà kì í ṣe tiyín láti dà kọ.

Ṣé mo lè yan àlọ́ ilé wa dípò?

Ẹ lè yàn án, inú mi á sì dùn. Ọlúrónbí tó fi ọmọ jẹ̀jẹ́ fún Ìrókò ní ihò tí Rumpelstiltskin ní gẹ́lẹ́: obìnrin tó ṣèlérí ọmọ kí ó tó mọ bí ọmọ ṣe ń rí lára. Ẹ ka àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ, tó wá tẹ̀ lé arẹwà tó yá ẹ̀yà ara, Amos Tutuola ti mú un wọ ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952, síbẹ̀ àyè ṣì wà. Kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi láti ẹnu àwọn tó yá a ní ẹsẹ̀ àti apá. Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìjàpá pàápàá ti rìn jìnnà: ní Kúbà, Lydia Cabrera kọ àwọn ìtàn tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Áfíríkà ibẹ̀, ó tẹ̀ wọ́n ní Paris ní 1936, ìjàpá tó wà nínú wọn ń jẹ́ Jicotea.

Ìkìlọ̀ kan: ìtàn inú ẹsẹ Ifá kì í ṣe àlọ́ fún ẹni tó ń sin Ifá. Ẹ bi àwọn tó ni ín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Olùkọ́ ni mí. Báwo ni kí n ṣe pín ìtàn fún kíláàsì?

Ẹ fún gbogbo wọn ní ìtàn kan náà. Onírùngbọ̀n Aró dára fún àwọn àgbà díẹ̀: ìyàwó, kọ́kọ́rọ́, yàrá tí a ní kó má ṣí, òkú àwọn ìyàwó tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n bá ka tiwọn síta, tí ẹnì kan kọ ọ́ láti ẹnu kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀, tí ẹlòmíràn kọ ọ́ láti ẹnu ìyàwó àkọ́kọ́, wọ́n á rí i fúnra wọn bí ìtàn kan ṣe ń bí ogún. Bí olúkúlùkù bá mú tirẹ̀ wá, àlàyé ìtàn ló máa gba gbogbo wákàtí.

Mo ti yan ìtàn, mo ti bẹ̀rẹ̀, kò lọ mọ́. Ṣé kí n pààrọ̀?

Ẹ má tíì pààrọ̀ ìtàn. Ẹ pààrọ̀ asọ̀tàn. Bó bá jẹ́ Snow White ló dì, ẹ gbé e kúrò lẹ́nu ọmọ náà, ẹ gbé e fún ọdẹ. Òun ni ayaba rán pé kó pa ọmọ, tó wá pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó kékeré dípò rẹ̀, tó mú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ délé. Ayaba ní kí wọ́n fi iyọ̀ sè é, ó jẹ ẹ́, ó rò pé ti ọmọ náà ni. Nínú gbogbo ààfin, ọdẹ nìkan ló mọ ohun tó wà nínú àwo. Ẹ kọ ojú ìwé kan níbi tó dúró sí, tó ń wò ó bó ṣe ń jẹun. Bí ọdẹ náà kò bá rí nǹkan kan sọ, ìgbà yẹn ni kí ẹ mú ìtàn mìíràn.